Ìpáàrà Kì í Ṣe Ẹ̀gbin: Ìtàn Irin, Idẹ àti Owó Àtijọ́ Tí Ilẹ̀ Bá Wa Tọ́jú

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí kò dá lórí ọba, kò sì dá lórí oríkì ìlú kankan. Ó dá lórí àwọn nǹkan kéékèèké tí ọkọ́ máa ń kàn nígbà tí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé: irin tó ti dógùn-ún, idẹ tó ti di àwọ̀ ewé, owó tí a kò lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa. Bàbá náà lọ sí ìlú wọn ní agbègbè Ọ̀fà láti wó ilé alámọ̀ kan tó ti fẹ́ dà wó, kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àríyànjiyàn ti wà lórí ilé náà nínú ẹbí tipẹ́. Apá kan ní bàbá àgbà ló kọ́ ọ kó tó kú ní 1931, nítorí náà gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Apá kejì ní ọmọ bàbá àgbà, èyí tó wá wa kùsà ní Jos níbí, ló fi owó ránṣẹ́ sílé kọ́ ọ, nítorí náà àwọn ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ni ín. Kò sí ìwé. Àwọn tó mọ̀ ti kú. Nígbà tí àwọn bíríkìlà hú ìpìlẹ̀ igun iwájú ilé, wọ́n bá ìkòkò kékeré kan lábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀. Owó onírin ló kún inú rẹ̀, ó lé ní ogójì, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, òmíràn ti di àwọ̀ ewé, òmíràn ti dúdú.

Kí Bàbá tó dé láti ibi tí wọ́n ti lọ ra sìmẹ́ńtì, àwọn ọ̀dọ́ ilé ti da owó náà sínú ike, wọ́n da ásíìdì mọ́tò lé e, wọ́n sì fi sánpépà ha á. Wọ́n rò pé oore ni àwọn ń ṣe. Owó náà ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti parẹ́: kò sí orúkọ ọba, kò sí ọdún. Mẹ́ta péré ló bọ́, tí ọmọdébìnrin kan ti kó sínú agolo mílíìkì tó fi ń ṣeré. Àwọn mẹ́ta yẹn ni Bàbá dì sínú aṣọ, tí wọ́n mú wá bá wa ní Jos. A ó padà sórí wọn kí a tó parí.

ỌKỌ́ NI Ó ṢÍ ÌTÀN

Ẹni tó bá rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló wá gbogbo ohun àtijọ́ tó wà ní mùsíọ̀mù rí, kò gbọ́ ìtàn dé ìdí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bíríkìlà ni, àgbẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ kùsà ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1938, ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́yìn ààfin ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló kan àwọn orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá, tí gbogbo ayé fi ń yin Ifẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1938 kan náà, ní Igbo-Ukwu nílẹ̀ Ìgbò, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò tí yóò máa gba omi òjò sí nínú ọgbà rẹ̀. Kò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tó fi kan àwọn ohun èlò idẹ tí wọ́n fi ọgbọ́n ìda ṣe, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan sẹ́yìn. Ní 1957, ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé sórí rẹ̀ ni díígà wọn kan ère idẹ ọba àti olorì.

Ní ẹkùn tí àwa náà ń gbé, bákan náà ló rí. Reluwé kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa sì tọ ojú irin wá síbí, àwọn kan wa kùsà, àwọn kan ń tajà fún awakùsà. Inú kòtò kùsà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ère amọ̀ Nok. Èkíní jáde ní 1928 ní abúlé Nok. Ní nǹkan bí 1943, akọ̀wé ilé iṣẹ́ kùsà kan gbé orí amọ̀ kan lọ sílé, ó gbé e kọ́ sínú oko iṣu rẹ̀ kí ó máa lé ẹyẹ. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg ní Jos. Fagg yìí náà ló dá mùsíọ̀mù Jos sílẹ̀, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 1952.

Ṣùgbọ́n rírí nǹkan yàtọ̀ sí mímọ ohun tí a rí. Ní Igbo-Ukwu, àwọn aládùúgbò ti pín lára àwọn idẹ náà kí ìjọba tó gbọ́, nítorí wọ́n gbà pé oògùn rere ni. Àfi ìgbà tí Thurstan Shaw wá walẹ̀ níbẹ̀ láti 1959 ni a tó mọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú ilẹ̀. Lára àwọn orí Wúnmọníjẹ̀, ọ̀kan wà ní British Museum ní London títí di òní. Méjì bá William Bascom lọ sí Amẹ́ríkà, òun sì dá wọn padà ní 1950. Ohun tí ilẹ̀ tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọwọ́ ènìyàn lè tú u ká láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

KÍ NI ÌPÁÀRÀ?

Àwọn baba wa tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé irin kì í déédéé wà. Òkúta ni wọ́n ń sun nínú iléru kí irin tó jáde, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú iléru ni ìdàrọ́. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń sun irin ní abúlé Ola-Igbi ní ìhà Ọ̀yọ́. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Abuja, wọ́n hú iléru irin àwọn ará Nok tó ti lé ní 2,000 ọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìdàrọ́ dúdú tó wúwo, tó ní ihò wínníwínní bí àkàrà, nínú oko yín, ẹ má jù ú nù bí òkúta lásán. Ẹ̀rí ni pé àwọn kan ti sun irin níbẹ̀ rí.

Nígbà tí irin bá pẹ́ nínú ilẹ̀ tó ní omi, ó máa ń fẹ́ padà di ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, yóò di pupa, yóò wú, yóò máa bó. Bí àtìpó tí ilé ń pè ni: díẹ̀díẹ̀ ni ó ń padà lọ. Bàbà àti idẹ ń ṣe tiwọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni tiwọn. Ìpáàrà wọn a máa le lójú, a sì máa bo ara wọn bí èèpo, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ohun tó wà nínú bàjẹ́ kíákíá mọ́.

Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nìyí: ìpáàrà kì í ṣe ìdọ̀tí tó wá láti òde, ara nǹkan náà gan-an ni. Lẹ́tà, ọdún, àpẹẹrẹ tí alágbẹ̀dẹ fín sára idẹ, inú èèpo àwọ̀ ewé yẹn ni wọ́n wà. Bí a bá fi ipá bó o, a ti bó wọn nù mọ́ ọn. Nígbà mìíràn pàápàá, ìpáàrà a máa tọ́jú ohun tí kì í ṣe irin. Ní Igbo-Ukwu, aṣọ ti jẹrà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ibi tó fara kan idẹ kò jẹrà, nítorí ìpáàrà bàbà kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ irú aṣọ tí wọ́n ń hun nígbà náà. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ rí idẹ náà fi iyanrìn àti eérú fọ̀ ọ́ ni, aṣọ náà ìbá ti bá omi lọ.

Ìtàn Tada yóò jẹ́ kí ó yé wa síi. Tada jẹ́ abúlé Nupe ní etí odò Ọya, ní ilẹ̀ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ère ọkùnrin kan tó jókòó ti wà níbẹ̀ rí, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni wọ́n fi rọ ọ́, ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ó ti wà láti nǹkan bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá. Ìtàn àwọn Nupe sọ pé Tsoede, tó dá ìjọba wọn sílẹ̀, ló kó òun àti àwọn ère mìíràn wá. Nígbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ará abúlé máa ń gbé ère náà lọ sí etí odò, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ fọ ara rẹ̀, kí àwọn aya wọn lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀ nínú odò. Ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, a kò sì gbọdọ̀ bú wọn, nítorí ère náà ì bá má sí lónìí bí kò bá ṣe wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo fífọ̀ yẹn ti jẹ nínú ara rẹ̀. Bí ìfẹ́ bá lè ha bàbà, mélòó mélòó ni ásíìdì mọ́tò?

BÍ A ṢE LÈ DÁ WỌN MỌ̀

Ká tó fọwọ́ kan omi rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Ojú, ọwọ́ àti òòfà kékeré ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó bá pupa bí ilẹ̀, tó wú, tó ń bó, tí òòfà sì ń fà, irin ni. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ilẹ̀, irin lè tán pátápátá nínú rẹ̀ kí ó ku ìpáàrà nìkan, òòfà kò sì ní fà á mọ́. Síbẹ̀ àwòrán ọ̀bẹ tàbí ọkọ́ ọ̀hún lè ṣì wà nínú gìdìgbà ìpáàrà yẹn, X-ray yóò sì fi hàn. Nítorí náà, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ láti wo inú rẹ̀.

Èyí tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí ewé tó fẹ́ jọ aró, bàbà tàbí idẹ ni, òòfà kì í sì í fà á. Èyí tó bá wúwo ju bí ó ti tóbi lọ, tó funfun bí eérú lójú, tó ń fi ila dúdú sára ìwé, òjé ni. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá dì í mú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, nítorí májèlé ni òjé. Kò yẹ ká gbàgbé pé ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Fàdákà ní tirẹ̀ a máa dúdú. Wúrà kì í dógùn-ún rárá: bó ṣe wọlẹ̀ ló ṣe ń jáde.

Irú nǹkan àti ibi tí ó ti jáde tún máa ń sọ̀rọ̀. Ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ, níbi tí wọ́n ti ja Ogun Kírìjì láti 1877, ọta òjé roboto yàtọ̀ sí agolo ọta onídẹ. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń kì láti ẹnu. Èkejì jẹ́ ti ìbọn ìgbàlódé, irú èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe àtìpó ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Port Harcourt, Aba àti Calabar, ẹ lè rí nǹkan kan tó dà bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, tí etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀. Mànílà ni. Owó ni wọ́n ń fi í ná níbẹ̀ títí ìjọba fi gbà á kúrò nílẹ̀ ní 1948 sí 1949. Ó lé ní mílíọ̀nù 32 tí wọ́n rà padà lọ́wọ́ aráàlú, tí wọ́n sì tà bí àlòkù irin. Ní 2023, àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé idẹ mànílà àtijọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò wá láti ẹkùn odò Rhine ní Jámánì, irú idẹ bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ ère Bìní. Òjé díẹ̀ tó wà nínú idẹ náà ló tú àṣírí. Ẹ wo ohun tí ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó dógùn-ún lè sọ.

OWÓ TÓ LÈ JẸ́RÌÍ

Ohun tí a máa ń rí jù nínú ìpìlẹ̀ ilé àwọn bàbá wa ni owó ayé òyìnbó: ọ̀nínì, eépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Èyí tó ní ihò láàárín ni ọ̀nínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì wà lójú wọn kan. Ṣílè ní àwòrán igi ọ̀pẹ. Ní 1913 sí 1920, fàdákà tòótọ́ ni wọ́n fi ṣe ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Nítorí náà, ṣílè tó dúdú nínú ilẹ̀ àti ṣílè tó di àwọ̀ ewé kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ní 1959 ni owó tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan dé, náírà àti kọ́bọ̀ tuntun sì rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973.

Kí ni ànfààní rẹ̀? Owó ní ọdún lójú. Bí a bá bá owó 1936 lábẹ́ ògiri tí ẹnikẹ́ni kò tíì hú rí, a mọ̀ dájú pé wọn kò mọ ògiri yẹn ṣáájú 1936. Ó lè jẹ́ 1936, ó lè jẹ́ 1950, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ 1930. Owó kì í jẹ́rìí èké, bí a kò bá kọ́kọ́ fọ́ ọ lójú.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ WỌN

Òfin àkọ́kọ́: ẹ má fọ ohunkóhun kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ tó kọ ibi tí ó ti jáde sílẹ̀. Fóònù yín ti tó. Ẹ kọ bí ó ṣe jìn tó, ẹ kọ ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nǹkan tí a kò mọ ibi tó ti wá dà bí ọmọ tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Òfin kejì: ẹ yàgò fún ásíìdì, ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, sánpépà, iyanrìn, kànìnkànìn irin àti gbogbo ọṣẹ ìfọdẹ. Wọn yóò jẹ́ kó dán lónìí, wọn yóò sì jẹ ẹ́ run lọ́la. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ló sàn ju èyí tó ṣókùnkùn lọ.

Òfin kẹta: bí ó bá jẹ́ owó lásán tí ó ṣì le, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú omi tí kò ní iyọ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń bù sí bátìrì. Ẹ kíyè sára, omi ni a wí, a kò wí ásíìdì. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ rún ẹnu orín pákò títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fi rọra máa tọ́ erùpẹ̀ kúrò. Orín rọ̀ ju idẹ lọ, kò ní ha á. Bí ibì kan kò bá fẹ́ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá ti rí orúkọ àti ọdún, iṣẹ́ ti parí.

Ká má rò pé ọgbọ́n tálákà ni èyí. Ní 2009, ní Staffordshire ní Ìlú Ọba, ọkùnrin kan fi ẹ̀rọ tó ń dún tí ó bá gbọ́ òórùn irin lábẹ́ ilẹ̀ rí wúrà àti fàdákà ìgbà láéláé nínú oko ẹni kan. Ó lé ní 3,500 nǹkan. Àwọn onímọ̀ tó tọ́jú wọn ní mùsíọ̀mù, tí gbogbo ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀gún igi ni wọ́n fi yọ erùpẹ̀ ara wúrà náà, nítorí ẹ̀gún kì í ha á. Orín tiwa àti ẹ̀gún tiwọn, ọgbọ́n kan náà ni.

Òfin kẹrin: bí ó bá jẹ́ irin tó ń bó, tàbí ère, tàbí ohun tí aṣọ tàbí igi lẹ̀ mọ́, ẹ má fi omi kàn án rárá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòji, ẹ má ṣá a sí oòrùn, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ kó àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé idẹ láti Jos, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń gbẹ gbogbo nǹkan, lọ sí Port Harcourt tàbí Èkó, kó ṣọ́ ọ dáadáa. Bí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀, àrùn idẹ nìyẹn, iyọ̀ inú rẹ̀ ló gbọ́ omi. Ẹ gbé e lọ fún àwọn onímọ̀ kíákíá, nítorí kì í dúró fúnra rẹ̀.

Òfin karùn-ún: bí ó bá jẹ́ edan Ògbóni tàbí ohun ojúbọ, kì í ṣe tiwa láti fọ̀ tàbí láti gbé. Ẹ pe àgbà ilé. Bí ó bá sì jẹ́ ohun ìjà ogun, pàápàá ní ìhà Ìlà-Oòrùn tí wọ́n ti jagun láti 1967 sí 1970, ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ pe ọlọ́pàá. Kò sí ìtàn kankan tó tó ẹ̀mí ènìyàn.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń béèrè bóyá wọ́n lè ra ẹ̀rọ tí ń wá irin yẹn kí wọ́n máa fi walẹ̀ kiri. Ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n ṣọ́ra. Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1918 wà lábẹ́ òfin náà, Commission tàbí aṣojú rẹ̀ nìkan ló lè rà á, a kò sì gbọdọ̀ gbé e kọjá ẹnubodè láìgba ìwé. Bí a bá ṣèèṣì rí irú rẹ̀, àwọn ni kí á fi tó létí.

Àwa ará Jos kò sì ní àwáwí. Mùsíọ̀mù wà nínú ìlú wa. Láti 1963 ni UNESCO ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fi wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ohun àtijọ́. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí ẹlòmíràn bá ti òkèèrè wá kọ́ ọgbọ́n yìí ní ẹnu ọ̀nà wa, tí àwa sì ń ta ìtàn ilé wa ní ìwọ̀n kílò fún àwọn tí Hausa ń pè ní 'yan gwangwan.

OWÓ MẸ́TA INÚ AGOLO MÍLÍÌKÌ

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó Bàbá. A rẹ owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú omi fún ọjọ́ márùn-ún, a sì fi orín tọ́ wọn. Méjì jẹ́ ọ̀nínì, ọdún wọn ti jẹ tán. Ẹ̀kẹta jẹ́ kọ́bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, lẹ́tà kan yọ, òmíràn tẹ̀lé e: EDWARDVS VIII, àti ọdún 1936.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn yóò mọ̀ pé Edward kẹjọ kò pé ọdún kan lórí ìtẹ́. Oṣù kìíní 1936 ni bàbá rẹ̀ kú, oṣù kejìlá ọdún náà ni òun fi adé sílẹ̀. Wọn kò ná owó tó ní orúkọ rẹ̀ ní London, ṣùgbọ́n owó oníhò tiwa kò nílò àwòrán orí ọba, nítorí náà wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n sì ti kó o wá. Kì í ṣe owó olówó ńlá lọ́jà, nítorí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹbí yìí, ó wúwo ju wúrà lọ. Bàbá àgbà kú ní 1931. Kò lè fi owó 1936 sábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ọmọ rẹ̀ tó wà nídìí kùsà ní Jos ló kọ́ ọ.

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Nígbà tí Bàbá gbé owó náà lọ síwájú ẹbí, apá kejì béèrè ìbéèrè kan: ta ló mọ̀ pé inú ìkòkò yẹn ni kọ́bọ̀ kan ṣoṣo yìí ti jáde? Ọmọdé lè rí i lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò ya àwòrán. Ogójì owó tó yẹ kó dúró ti ẹyọ kan yìí, kó sọ pé ìgbà kan náà ni gbogbo àwọn jọ wọlẹ̀, wọ́n wà nínú ike níbẹ̀, wọ́n ń dán, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ilé sì pín ilẹ̀ náà sí méjì kí ìjà má baà dé kóòtù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rí tí ì bá sọ fún wa, ọwọ́ wa la fi pa á.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, nígbà tí ẹ bá lọ sílé lọ́dún yìí láti kọ́lé, láti wó ilé, láti gbẹ́ kànga tàbí sọ́ọ̀kèwéè, ẹ kìlọ̀ fún bíríkìlà, ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Bí ọkọ́ bá kan nǹkan, ẹ dúró. Ẹ ya àwòrán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ha á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyẹn jẹ́ àtìpó bíi tiwa, tí wọn kò mọ̀wé, tí wọn kò fi lẹ́tà kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sábẹ́ ilé nìkan ni wọ́n fi kọ orúkọ wọn.

Ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé, kó mú un wá sí ìpàdé wa, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì jọ mú èyí tó bá yẹ lọ sí mùsíọ̀mù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ọdún yìí ní ayọ̀, kí ó mú wa dé ilé láyọ̀, kí ilẹ̀ tí a ti wá àti ilẹ̀ tí a ń gbé má ṣe lé wa. Àṣẹ.